Ẹ̀yìn ń ro mí, èsì àyẹ̀wò ò tíì dé: kí ni kí n máa ṣe?

Abẹ̀rẹ̀-má-lè-dìde:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ́jú gbogbo o. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn. Ó ti lé ní ọdún kan tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ti ń ro mí. Mo kọ́kọ́ pè é ní àárẹ̀ iṣẹ́, torí orí àga ni mo máa ń wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, ìrora náà gba ìdí sọ̀ kalẹ̀ sí itan òsì, ó wá ń ta mí títí dé ojúgun. Bí mo bá jókòó pẹ́, dídìde di wàhálà. Bí mo bá dùbúlẹ̀, ó máa ń pẹ́ kí n tó rí ẹ̀gbẹ́ tí mo lè fi lélẹ̀.

Dókítà ní kí n lọ ya MRI, ìyẹn àwòrán inú ara, wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ mi. Wọ́n ní àwọn á pè mí. Wọn ò tíì pè. Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ti kọjá ẹ̀yìn. Bí fóònù bá dún, àyà mi á já. Lóru, mo máa ń wá orúkọ àìsàn kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi yòówù tí mo bá sì ti bẹ̀rẹ̀, orí jẹjẹrẹ ni mo ń parí rẹ̀ sí. Ọkọ mi ní kí n gbé fóònù jù sílẹ̀ kí n sùn. Òun rí oorun sùn ní tirẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, kí lẹ máa ń ṣe kí èsì tó jáde? Ṣé kí n máa sinmi ni àbí kí n máa rìn? Ṣé pípẹ́ tó pẹ́ yìí kò jẹ́ pé wọ́n ti rí nǹkan burúkú?

Ìyá Àgbà:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ̀yìn ò ṣeé bọ́ sílẹ̀ nílé kéèyàn tó jáde. Olúwa á fún ọ ní ìsinmi. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ju èmi lọ ń bọ̀.

Físíò Gidi:
Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, ìyẹn fífi eré ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé; ìbéèrè yín kejì ni mo máa mú. Ẹ máa rìn. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ní kí ẹni tí ẹ̀yìn ń ro dùbúlẹ̀ gbalaja fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kì í sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ máa ń gba agbára lọ́wọ́ iṣan ẹ̀yìn, oríkèé á gan, èèyàn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àtibẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀. Tí ìrora bá gbóná, ọjọ́ kan sí méjì tó fún ìsinmi.

Ẹ má dúró de ọjọ́ tí kò ní dùn yín rárá kẹ́ ẹ tó jáde rìn. Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn tó wá sọ́dọ̀ mi ṣọ́ ni ibi tí ìrora náà ń gbà. Bó bá ń kúrò lẹ́sẹ̀, tó ń gòkè padà sí ẹ̀yìn, inú wa máa ń dùn sí i, bí ẹ̀yìn tilẹ̀ ro díẹ̀ sí i. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, tó ń wá ọmọ ìka ẹsẹ̀ lọ, ẹ dín ohun tẹ́ ẹ ń ṣe kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jókòó ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kó ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lọ kẹ́ ẹ tó dìde na ẹsẹ̀.

Ẹnì kan á bi mí ní ti bẹ́líìtì, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Ní oṣù Kejìlá 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde lórí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn tó ń ro èèyàn ju oṣù 3 lọ. Eré ìdárayá wà lára ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń di ẹ̀yìn wà lára ohun tí wọn ò fọwọ́ sí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ti rà á. Ẹ má bínú.

Ọmọ Akin:
Ẹ ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí gùn jù. Kí wọ́n gún yín ní diclofenac, kẹ́ ẹ fi ibuprofen tì í lẹ́yìn, kẹ́ ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí èsì á fi dé. Èmi nìyí, mò ń gbé ẹrù báyìí.

Nọ́ọ̀sì Àṣálẹ́:
Àbúrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀lé ìyẹn. Ìdílé oògùn ìrora kan náà ni diclofenac àti ibuprofen. Ẹni tó bá lò wọ́n pọ̀ kò rí ìtura méjì, ewu ló fi kún ewu: ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ dídà nínú ikùn, kíndìnrín. Ọ̀kan ṣoṣo ni kéèyàn lò, ní ìwọ̀n tó kéré jù tó bá ràn án lọ́wọ́, fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn kíndìnrín tàbí oyún gbọ́dọ̀ bi dókítà kó tó fọwọ́ kàn án rárá. Ní ti paracetamol, àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá 4 gíráàmù láàárín wákàtí 24, ìyẹn hóró 8 tó jẹ́ 500 mg. Ẹ tún wo ara páálí oògùn òtútù tó wà nílé, torí paracetamol máa ń wà nínú wọn.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò ṣeé torí rẹ̀ dúró de èsì. Bí ojú ara àti ibi téèyàn fi ń jókòó kò bá mọ ìfọwọ́kàn mọ́, bí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá ń jáde láìmọ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá ń rọ, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn pàjáwìrì ni kẹ́ ẹ gbà lọ lóru yẹn gan-an. Ó lè jẹ́ pé nǹkan ti tẹ àwọn iṣan ìmọ̀lára tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, bó bá sì pẹ́, ó lè má padà sípò. Bó bá jẹ́ ibà ló bá a rìn, tàbí ẹ kàn ń rù láìmọ ìdí, tàbí ìrora kò dẹwọ́ lóru bó ti wù kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀, ẹ pe dókítà yín kíá.

Abẹ̀rẹ̀-má-lè-dìde:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n Nọ́ọ̀sì. Kò sí ìkankan nínú wọn lára mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni mo gbé lọ bá wọn, kí ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀? Ìyẹn gan-an ló gbé mi dé orí jẹjẹrẹ.

Nọ́ọ̀sì Àṣálẹ́:
Wọ́n sábà fẹ́ rí i dájú pé kì í ṣe àwọn àrùn kan ló fà á. Àyẹ̀wò ESR àti CRP máa ń fi hàn bóyá ara ń bá nǹkan jà níbì kan, bíi kòkòrò àrùn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pàápàá lè wọ eegun ẹ̀yìn. Àrùn kan tún wà, ankylosing spondylitis, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kéèyàn tó pé ọdún 45. Ẹ̀yìn á gan láàárọ̀ ju ìṣẹ́jú 30 lọ, ìrìn á dẹ̀ ẹ́, ìsinmi ò ní dẹ̀ ẹ́. Ṣé bí tiyín ṣe ń ṣe nìyẹn?

Abẹ̀rẹ̀-má-lè-dìde:
Rárá. Ó máa ń gan, àmọ́ kí n tó fọ ẹnu tán ó ti dẹ̀.

Mo-ti-débẹ̀-rí:
Ẹ̀gbọ́n, pípẹ́ èsì kò sọ nǹkan kan. Dókítà tó ń ka àwòrán ló máa wo MRI yẹn ní ẹyọ ẹyọ, á kọ àlàyé, àlàyé náà ló máa wá lọ bá dókítà yín. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ń jáde lọ́jọ́ kan náà, òmíràn ń pẹ́. Àmọ́ ẹ má torí ìyẹn jókòó ti fóònù o, èsì máa ń há sáàárín ọ́fíìsì kan sí èkejì. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pè. Ẹ bi wọ́n bóyá àlàyé ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ya àwòrán, ọwọ́ ta ló wà, ọjọ́ wo lẹ lè tún pè tẹ́ ẹ bá ṣì ń retí. Ìgbà tí mo ti ní ọjọ́ kan pàtó ni ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibi dúró sí.

Ní ti wíwá nǹkan kiri lóru, inú ìwé ni mo máa ń kọ ìbéèrè náà sí, mo sì mú ìwé náà lọ bá dókítà. Láàárọ̀, ìdajì wọn kì í ní ìtumọ̀ mọ́.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù, tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, ni kí wọ́n má rí nǹkan kan. Kí wọ́n wá máa wò mí bí òpùrọ́. Bó ṣe rí nìyẹn náà, wọn ò rí nǹkan gúnmọ́. Dókítà wá jẹ́ kó yé mi pé nínú ẹni mẹ́wàá tí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń ro, bíi mẹ́sàn-án ni wọn kì í rí ìdí kan pàtó tọ́ka sí, ìrora wọn kì í sì í ṣe irọ́.

Akàwé-má-sùn:
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un kí àlàyé MRI yẹn tó tẹ̀ yín lọ́wọ́. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí kan kó àwòrán ẹ̀yìn àwọn èèyàn 3,110 jọ, gbogbo wọn ni ẹ̀yìn ò ro. Lára àwọn ẹni 20 ọdún, dísìkì, ìyẹn tìmùtìmù tó wà láàárín àwọn eegun ẹ̀yìn, ti ń gbó nínú ẹ̀yìn ìdá 37 nínú 100. Lára àwọn ẹni 80 ọdún, ó dé 96. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí “degeneration” (dísìkì ń gbó) tàbí “bulge” (dísìkì wú síta) nínú àlàyé, ẹ má bú sẹ́kún. Ẹ bi dókítà pé: ohun tó wà níbí, ṣé ó bá ẹsẹ̀ òsì mi tó ń ta mu? Bí àwòrán bá ní apá ọ̀tún ni dísìkì ti yọ, tó sì jẹ́ òsì ló ń dùn yín, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ òun ló fà á. Èyí tó bá tiẹ̀ yọ gan-an, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń sún kì fúnra wọn láìsí iṣẹ́ abẹ.

Abẹ̀rẹ̀-má-lè-dìde:
Mo pè wọ́n lónìí. Àlàyé ti wà lọ́wọ́ dókítà, òun ni kò tíì ráyè. Wọ́n fún mi ní Ọjọ́bọ̀, mo sì ní kí wọ́n bá mi tẹ ẹ̀dà kan. Àyà mi ṣì ń já, mi ò ní purọ́. Mo rìn díẹ̀ nírọ̀lẹ́, ìrora kúrò ní ojúgun, ó dúró sí ìdí. Físíò, ṣé ohun tẹ́ ẹ ń wí nìyẹn? Ẹ tún bá mi dáhùn èyí: tí mo bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn, ibo ni kí n ki ìrọ̀rí sí?

Físíò Gidi:
Òun náà ni. Ẹ má fi kún ìrìn yẹn lọ́la, bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ tún ṣe é. Àárín orúnkún méjèèjì ni ìrọ̀rí ń wà tẹ́ ẹ bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, abẹ́ orúnkún ni tẹ́ ẹ bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Kó nípọn díẹ̀ o, èyí tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ ò wúlò.