Ṣé òótọ́ ni pé fáànù bàálù lè ti ọkọ̀ ogun ńlá wọ èbúté?

Àkànní_Etíkun:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Bàbá kan ládùúgbò wa tó ti ṣiṣẹ́ ojú omi pẹ́ sọ fún mi pé nígbà ogun Kòríà, néfì Amẹ́ríkà máa ń to bàálù sórí dẹ́ẹ̀kì ọkọ̀ wọn tó ń gbé bàálù, wọ́n á fi ṣéènì dè wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n á wá tan ẹ́ńjìnnì kí fáànù wọn lè ti ọkọ̀ lọ síbi tí wọ́n fẹ́ so ó mọ́. Mo bá wọn jiyàn gan-an. Ọkọ̀ tó wúwo ju 30,000 tọ́nnù lọ, fáànù wo ló fẹ́ tì í? Kí ni tọ́ọ̀gì, ọkọ̀ kékeré alágbára tó máa ń ti ọkọ̀ ńlá wọ èbúté, wá ń ṣe?

Àlàó_Tọ́ọ̀gì:
Òótọ́ ni bàbá sọ fún yín o. Operation Pinwheel ni wọ́n ń pè é. Pinwheel yẹn ni nǹkan ìṣeré tí àwa náà máa ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ní kékeré, tí a ó mú un dání máa sáré kó lè máa yí. Tọ́ọ̀gì lè má tó, atẹ́gùn sì lè máa gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn ga bí ògiri, ìtọ́kọ̀ ò sì lè ṣe nǹkan kan tí ọkọ̀ bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró torí omi ò sáré kọjá lára ẹ̀ mọ́. Wọ́n á wá to àwọn bàálù kan síwájú kí imú wọn kọjú sọ́tùn-ún, wọ́n á to àwọn yòókù sẹ́yìn kí tiwọn kọjú sósì, iwájú ọkọ̀ á máa lọ sọ́tùn-ún ìdí ẹ̀ á máa lọ sósì, ó ti ń yí lójú kan nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fẹ́ kó gbà sún mọ́ èbúté, gbogbo imú á kọjú síbi kan náà. Fáànù ń gbá atẹ́gùn sẹ́yìn, bàálù fẹ́ sáré síwájú, ṣéènì ò jẹ́ kó lọ, ló bá ń fa dẹ́ẹ̀kì.

Ti ìwúwo yẹn, iṣẹ́ tọ́ọ̀gì lèmi ń ṣe, omi kì í bá ọkọ̀ tó ń rọra lọ jà púpọ̀. Ẹ dúró sétí omi kẹ́ ẹ gbára lé ọkọ̀ ìpẹja ńlá, ẹ má jà á, ẹ kàn máa tì í ṣáá, ẹ ó rí i pé ó ń lọ. Dídá a dúró ló le jù.

Àdùkẹ́_Ẹ́ńjìnnì:
Bọ̀dá Àlàó ṣàlàyé dáadáa, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ti ẹ́ńjìnnì. Bàálù onífáànù Skyraider tí wọ́n ń lò nígbà yẹn, 2,700 họ́ọ̀sì-páwà ni, sílíńdà 18, atẹ́gùn ló sì ń tù ú lára, kò ní omi rárá. Lókè, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i bó ṣe ń sáré lọ. Lórí dẹ́ẹ̀kì ńkọ́, wọ́n dè é mọ́lẹ̀, ti fáànù nìkan ló kù, àárín fáànù kì í sì í fẹ́ atẹ́gùn tó pọ̀, bẹ́ẹ̀ àárín yẹn gan-an ni ẹ́ńjìnnì wà! Ó máa gbóná kọjá ààlà. Ìdí nìyẹn táwọn awakọ̀ bàálù fi kórìíra ẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń lò nílòkulò ní èbúté Japan lónìí náà ló máa gbé wọn kọjá orí òkun lọ sórí òkè Kòríà lọ́la. Ẹ̀yìn wọn lèmi wà. Ọkọ̀ lè dúró de tọ́ọ̀gì.

Àkànní_Etíkun:
Háà. Ṣé wọ́n ṣì lè ṣe é lónìí?

Àlàó_Tọ́ọ̀gì:
Rárá o. Skyraider ti kúrò lórí àwọn ọkọ̀ yẹn láti 1968, jẹ́ẹ̀tì ló kún ibẹ̀, atẹ́gùn gbígbóná bí iná ni jẹ́ẹ̀tì sì ń tú sẹ́yìn, ta ló fẹ́ dúró síbẹ̀? Bàálù onífáànù tó ṣì wọ́pọ̀ lórí ọkọ̀ Amẹ́ríkà ni E-2 tó ń gbé ràdá, wọn ò sì ju bíi mẹ́rin márùn-ún lọ lórí ọkọ̀ tó tó 100,000 tọ́nnù. Tọ́ọ̀gì ni wọ́n ń pè.

Àkànní_Etíkun:
Ẹ ṣé gan-an, àǹtí Àdùkẹ́ náà ẹ ṣé. Lọ́jọ́ Sátidé màá lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá yẹn, màá sì bi wọ́n bóyá wọ́n fojú ara wọn rí i.