Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n ká tòmátò ni, àbí kí n bò ó?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìgbà ìwọ́wé dé, ojú ọjọ́ wá ń pàwọ̀ dà bí ọ̀gà. Wọ́n ní Ọjọ́ Ajé á gbóná tó dígírì 18, òjò á rọ̀ ní Ọjọ́rú, atẹ́gùn á fẹ́ gidi ní Ọjọ́bọ̀. Òru Ẹtì á bọ́ sí 1, ti Àbámẹ́ta á bọ́ sí -2, lẹ́yìn náà a tún padà sí 14. Tòmátò ṣì wà lórí igi, ata wà nínú ìkòkò, kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì wà nílẹ̀. Họ́ọ̀sì ṣì wà lẹ́nu tápù ìta. Èwo ni kí n kọ́kọ́ mú?

Awòsánmà: Ẹ má bẹ̀rù atẹ́gùn Ọjọ́bọ̀. Atẹ́gùn ń po afẹ́fẹ́ pọ̀, kì í jẹ́ kí òtútù jókòó sílẹ̀. Ìgbà tó bá dákẹ́, tí sánmà sì mọ́ láìsí ìkùukùu, ni ooru ilẹ̀ ń sá lọ sókè. Ẹ bo nǹkan lóru Ẹtì náà o: bíi mítà kan ààbọ̀ sókè ni wọ́n ti ń wọn ojú ọjọ́, nítorí náà ìrì lè dì lórí ewé nígbà tí fóònù ṣì ń pe 2 tàbí 3.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Ata ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé wọlé. Bí òru bá ti ń lọ sísàlẹ̀ 10, ìyà ti ń jẹ ẹ́ nìyẹn, kò dúró de ìrì dídì. Ẹ yẹ abẹ́ ewé wò, kí ẹ má baà kó kòkòrò wọlé. Tòmátò tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣí, tó ń funfun díẹ̀, ẹ ká a. Á pọ́n nínú yàrá ní dígírì 18 sí 21, kò nílò oòrùn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kan láàárín wọn á mú un yá. Ẹ má kó o sí fíríìjì. Kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, òtútù ń mú wọn dùn sí i ni. Kìkì pé kí ẹ má fọwọ́ kan ewé kábéèjì tó bá dì, títí á fi yọ́.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun mà. Ọ̀rá ńlá wà nílé, ṣé kí n fi bo tòmátò tó kù?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́: Ibi tí ọ̀rá bá ti kan ewé gan-an ló máa jó. Aṣọ ìbùsùn àtijọ́ dáa jù. Ẹ ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ kí aṣọ má tẹ ewé, ẹ jẹ́ kó balẹ̀ yíká, kí ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀. Àwọn kan ń so ó mọ́ ìdí igi bí ìgbà tí wọ́n wé gèlè. Ooru tó ń ti inú ilẹ̀ bọ̀ ni wọ́n tì mọ́ ìta yẹn. Bí ilẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ bomi rin ín lọ́sàn-án, ilẹ̀ tútù ń tọ́jú ooru ju gbígbẹ lọ. Ẹ bò ó kí oòrùn tó wọ̀, ẹ ṣí i láàárọ̀ bí ìrì bá ti yọ́.

Atúnlé-ṣe: Ẹ yọ họ́ọ̀sì kúrò lónìí. Omi tó bá dì ń fẹ̀ tó ìdá 9 nínú 100, ó sì lè bẹ́ páìpù; họ́ọ̀sì ni kì í jẹ́ kí omi tó wà nínú tápù ṣàn jáde. Ẹ ti fáàfù inú ilé tó ń gbé omi lọ sí tápù ìta, ẹ ṣí tápù ìta kó gbẹ, kí ẹ fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bí ẹ bá ní ọkọ̀, ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà láàárọ̀ kí ẹ tó wà á: láti 18 sí -2, táyà kan lè sọ bíi 3 sí 4 psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) nù láìjò. Bó bá tún móoru, ẹ tún un wọ̀n.