Ibà kan náà nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ọmọ

Onímọ̀ Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀, Ìlọrin:

Ẹ̀yin ará, níwọ̀n bí olúkúlùkù ti ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ ibà, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Àbúrò mi obìnrin tí ó ti pẹ́ ní ìlú Òyìnbó wá sílé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú Iléyá. Nígbà tí a fi máa pa àgbò, ibà ti dá a dùbúlẹ̀: ó ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ ìbora, ó sì ń bì. Bí mo ti ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni mo kúkú gba ti ìyá wa pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìnkùlé ni ìyá wà tí wọ́n ń din ẹran.

Nígbà tí mo fi àwọ̀ Giemsa kun ẹ̀jẹ̀ orí gíláàsì tí mo sì kán òróró lé e láti fi ẹ̀rọ amúǹkantóbi wò ó, àwọn méjèèjì ni mo bá Plasmodium falciparum, kòkòrò tí ń fa ibà, lára wọn: òrùka tínńtín aláwọ̀ aró nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, tí àmì pupa kan lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Ti àbúrò mi pọ̀ lọ jàra. Ti ìyá ṣọ̀wọ́n, ojú ni mo fi ń wá a kiri, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Àwọn ará ilé ní agbo ló ń ṣiṣẹ́ lára ìyá. N kò bá agbo jà, ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ yàtọ̀. Bí ẹ̀fọn bá jẹ ènìyàn, inú ẹ̀dọ̀ ni kòkòrò ibà kọ́kọ́ ń lọ, ó sì ń lò tó nǹkan bí ọjọ́ 7 níbẹ̀ láìjẹ́ pé ara gbóná. Sẹ́ẹ̀lì T, ìyẹn ọmọ ogun ara, èyí tí wọ́n ń pè ní CD8, lè pa á níbẹ̀, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ máa ń gbé èérún ara kòkòrò náà síta fún un láti dá mọ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní ohun tí yóò fi gbé èérún yẹn hàn, nítorí náà bí kòkòrò bá ti dé inú ẹ̀jẹ̀, ọwọ́ CD8 kò tó o mọ́. CD4, irú sẹ́ẹ̀lì T mìíràn, ni iṣẹ́ kù sí lọ́wọ́: òun ló ń ran àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe èròjà agbóguntàrùn lọ́wọ́, tí ó sì ń tú interferon-gamma, èròjà tí ń ta ara jí, jáde kí àwọn sẹ́ẹ̀lì ajẹkòkòrò lè gbára dì. Àpọ̀jù interferon-gamma yìí kan náà wà lára ohun tí ń sọ ibà di líle. Ara ẹni tí ibà ti ń ṣe láti kékeré máa ń kọ́ bí a ti ń fa ìjánu: CD4 rẹ̀ a máa tú èròjà IL-10 jáde, èyí tí ń pẹ̀rọ̀ sí ara, kòkòrò díẹ̀ a sì wà láìsí àìsàn. Àbúrò mi náà ní irú ààbò yìí nígbà tó ń dàgbà ní Pàkátà, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ títí bí kòkòrò kò bá wọ ara mọ́. Oògùn ACT ni a fún un, ara rẹ̀ sì yá. Ìyá mu tiwọn pẹ̀lú àríyànjiyàn.

Ìyá Ìbejì, Òmù-Àrán:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Gáà Fúlàní kan wà lẹ́yìn ilé wa. Ẹ̀fọn tó ń jẹ wá ló ń jẹ àwọn náà, síbẹ̀ àwọn ọmọ tèmi ni mo ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn ní gbogbo ìgbà òjò. Ṣé ìjánu tiwọn le ju tiwa lọ ni?

Onímọ̀ Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀, Ìlọrin:

Ìyá Ìbejì, òdìkejì rẹ̀ ni o! Àwọn onímọ̀ ti rí irú èyí ní Burkina Faso, níbi tí Fúlàní àti ẹ̀yà Mossi jọ ń gbé tí ibà sì ń ṣe àwọn Mossi jù. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2008 fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí ń fa ìjánu kò ṣiṣẹ́ tó lára àwọn Fúlàní, ara wọn sì ń kọjú ìjà sí kòkòrò gidigidi. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ní gáà ẹ̀yìn ilé yín, n kò lè búra. Àwọn ìbejì ní tiwọn ṣì kéré, ara wọn kò tíì ní èyíkéyìí nínú ààbò méjèèjì, nítorí náà bí ara wọn bá ti gbóná, ẹ gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà gan-an.