Mo fẹ́ gbin ápù sẹ́yìn ilé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àkọ́gbìn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà oko. Mo fi bébà tútù wé kóró ápù tí mo jẹ, mo tọ́jú rẹ̀ sínú fíríìjì fún oṣù 2, mo wá rì í sínú ike. Méjì ti hù, wọ́n ga tó ìka ọwọ́ mi. Àyè ẹ̀yìn ilé ò ju mítà 4 níbùú lóòró. Ṣé kí n lọ gbìn wọ́n síbẹ̀?

Alágbàlá: Ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n ẹ má retí irú èyí tẹ́ ẹ jẹ. Ápù tó ti inú kóró jáde kì í jọ ìyá rẹ̀. Ó lè kan, ó lè kéré, ó sì lè pẹ́ tó ọdún 6 sí 10 kó tó so. Ẹ fi àwọn yẹn ṣeré nínú ike, kẹ́ ẹ ra èyí tí wọ́n lọ́, tí wọ́n fi ẹ̀ka igi tó ń so dáadáa lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi mìíràn. Gbòǹgbò yẹn ló ń pinnu bó ṣe máa ga tó. Èmi á mú èyí tó wà lórí gbòǹgbò tí wọ́n ń pè ní M9: kì í sábà ju mítà 3 lọ, ó sì lè so lọ́dún kejì tàbí ìkẹta. Àmọ́ kò lè dá dúró o, ọ̀pá ni yóò máa fara tì títí ayé rẹ̀. Gbòǹgbò MM106, tó ń ga ju ìyẹn lọ, á gba gbogbo àyè yín.

Ọmọ Oko: Kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ ápù kì í fi lẹ́búlẹ́bú òdòdó ara rẹ̀ so. Oríṣi méjì tó ń tanná lásìkò kan náà lẹ nílò, kí oyin máa rìn láàárín wọn. Lẹ́búlẹ́bú àwọn oríṣi bíi Jonagold àti Bramley kì í ran igi mìíràn lọ́wọ́, ẹ má gbára lé wọn.

Àkọ́gbìn: Ọ̀dọ̀ wa kì í tutù púpọ̀ ńkọ́?

Ọmọ Oko: Háà, èyí ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ! Ọ̀pọ̀ ápù ń fẹ́ òtútù tí kò tó 7°C fún bíi wákàtí 800 sí 1,000 lọ́dún. Bí wọn ò bá rí i, ségesège ni wọ́n á máa rúwé. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní Anna àti Dorsett Golden ni kẹ́ ẹ wá. Bíi wákàtí 200 sí 300 tó wọn, wọ́n sì jọ ń tanná.

Ìyá Eléwé: Ẹ gbọ́ ti èmi. Mo kó koríko gbígbẹ jọ sídìí igi mi títí dé ọrùn. Lọ́jọ́ tí mo ṣí i, èkúté ti gé èèpo rẹ̀ jẹ yípo bí òrùka, igi funfun ló kù. Kò yè é. Ẹ bo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi bí àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ láàárín koríko àti igi. Kókó ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ náà ò gbọdọ̀ wọlẹ̀. Bó bá wọlẹ̀, ẹ̀ka òkè á ta gbòǹgbò tirẹ̀, igi kúkúrú tẹ́ ẹ rà á di gàgàrà.

Alágbàlá: Ẹ̀yin tó sì ń rọ́ ìgbẹ́ ẹran sínú kòtò tẹ́ ẹ fẹ́ gbin igi sí, ẹ rọra. Òkè ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí. Èso ọdún àkọ́kọ́, ẹ já gbogbo rẹ̀ dànù. Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀ nínú ìdì kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́gbìn: Gbogbo rẹ̀ kẹ̀?

Ìyá Eléwé: Gbogbo rẹ̀. Ẹ mójú kúrò, kẹ́ ẹ já a.