Ọkọ̀ ló há ni, àbí ọ̀nà?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìjẹ̀bú-Òde dábàá pé kí á máa pe fọ́kílíìfù (ọkọ̀ tó ń fi àmúga irin gbé ẹrù sókè) tí wọ́n ń lò láàárín pẹpẹ ẹrù tó súnmọ́ra ní "ọkọ̀ agbẹ́rùsókè ọ̀nà tóóró", wọ́n sì ní iṣẹ́ rẹ̀ ni láti "fi àyè pamọ́". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò wọ̀ mí létí.

Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a bá fi pamọ́, a ó padà lọ mú un ni, tàbí a ò fẹ́ kí ojú rí i. Ta ló ń fi àyè pamọ́? Ṣebí a ní "ṣún": à ń ṣún owó ná, à ń ṣún epo lò, inú rẹ̀ náà ni ìṣúná tí ìjọba ń kà lọ́dọọdún ti wá. Kí á ṣún àyè lò, ó tán.

Ti orúkọ ọkọ̀ ló le. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ṣàgámù, létí òpópónà márosẹ̀, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Fọ́kílíìfù tí gbogbo ayé mọ̀ gbé irin wúwo sẹ́yìn kí ẹrù má baà dojú rẹ̀ bolẹ̀. Kó tó kojú sí pẹpẹ, gbogbo ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ yí, ìdí nìyẹn tó fi ń gba ọ̀nà tó fẹ̀ tó mítà 3.5 sí 4. Irú kejì ń na àmúga síwájú bí ẹni nawọ́ mú àwo lórí tábìlì; bíi mítà 3 tó o. Irú kẹta tí à ń jà lé lórí yìí kì í yíjú rárá. Ó ń lọ tààrà, ó ń bọ̀ tààrà, àmúga nìkan ló ń yí sọ́tùn-ún sósì, nǹkan bíi mítà 1.8 sì tó o, nígbà mìíràn kì í tó bẹ́ẹ̀. (Àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ dáadáa o! Bí ìdí òpó gíga tí àmúga ń gùn bá yẹ̀ díẹ̀, orí rẹ̀ á yẹ̀ gan-an.)

Ọ̀nà ló há, ọkọ̀ kọ́. Kí ló dé tí a fi ń sọ ọkọ̀ lórúkọ ibi tó ń gbà kọjá, tí a wá fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀?

Èmi kọ́kọ́ dá "ayíwọ́gbẹ́rù". Àbúrò mi kan níbi iṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ tó ti yíwọ́, ta ló fẹ́ wà á?" Ó rí mi mú. Ọ̀rọ̀ tó bá yíwọ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Mo wá rántí àwọn alábàárù tó ń to apẹ̀rẹ̀ obì ní Sábó: nínú sìtọ́ọ̀ tó kún, ẹsẹ̀ kì í kúrò lójú kan, apá ni wọ́n fi ń yí apẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, kí irú kejì jẹ́ "anawọ́gbẹ́rù", kí ẹ̀kẹta jẹ́ "ayípágbẹ́rù". Mo mọ̀ pé àwọn awakọ̀ wa á gé e kù sí "ayípá"; ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e.

Ó ku ọ̀nà àárín pẹpẹ fúnra rẹ̀. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀" ni àwa ń pè é níbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sí i?