"Ayérayé" kò yẹ ilẹ̀ tí ó ń dẹ̀: èsì mi lórí orúkọ tuntun fún ilẹ̀ dídì Àríwá

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, pé kí á máa pe ilẹ̀ tí ó ti dì gbagidi ní Sàìbéríà, ní Alaska àti ní àríwá Kánádà, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní "permafrost", ní "yìnyín ayérayé". Mo bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí wọn àti fún iṣẹ́ wọn lórí èdè wa, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ orúkọ yìí.

Ohun tí ó ń já bọ́ láti ojú ọ̀run ni àwọn tí ó tọ́ mi dàgbà ń pè ní yìnyín, òun náà ni ó sì ba oko àwọn ará Íjíbítì jẹ́ nínú Ẹ́kísódù orí 9. Mo gbà pé a ti ń fi pe omi tí ó dì nínú fìríìjì báyìí, ìyẹn kò bí mi nínú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni à ń sọ. Bí ìgbóná ilẹ̀ kan kò bá ti kọjá òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọdún méjì léraléra, ó kéré tán, ó ti di irú ilẹ̀ yìí lójú àwọn onímọ̀, ì báà jẹ́ iyẹ̀pẹ̀, ì báà jẹ́ òkúta gbígbẹ tí kò ní ẹ̀kán omi kan nínú. Báwo ni òkúta gbígbẹ ṣe wá di yìnyín?

"Ayérayé" gan-an ni ó dùn mí jù. Ní Batagay, ní ilẹ̀ Sakha ní Rọ́ṣíà, wọ́n gé igbó kan ní àwọn ọdún 1960, oòrùn rí ilẹ̀ lù, omi dídì inú ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ilẹ̀ sì ń rì. Lónìí, ojú ọgbẹ́ tí ó dá sí ilẹ̀ náà gùn tó nǹkan bíi kìlómítà kan, ó sì ń jẹ igbó lọ. Iyẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ti dì láti nǹkan bíi 650,000 ọdún sẹ́yìn. Ohun tí igi gígé lè tú palẹ̀ ní ojú ẹ̀mí ènìyàn kan kì í ṣe ohun ayérayé. Àwọn ará Rọ́ṣíà fúnra wọn ti ṣe àṣìṣe yìí rí: "vechnaya merzlota", dídì ayérayé, ni orúkọ àtijọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onímọ̀ wọn ti ń lo "mnogoletnyaya", ọlọ́dún púpọ̀. N kò dá àwọn àtijọ́ lẹ́bi. Oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Shergin gbẹ́ kànga ní Yakutsk, olú ìlú Sakha, láti 1828 sí 1837, ó gbẹ́ ẹ dé nǹkan bíi mítà 116, síbẹ̀ kò rí òpin ilẹ̀ dídì. Ta ni yóò dúró ní ẹnu kànga bẹ́ẹ̀ tí kò ní pè é ní ayérayé?

Ẹlòmíràn kọ "ilẹ̀ dídí". Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ohùn. Ọ̀nà a máa dí, etí a máa dí, ohùn òkè ni. Ohùn ìsàlẹ̀ ni "dì" tí à ń lò fún àdín. Nígbà ọyẹ́, ìyá mi àgbà a máa gbé ìgò àdín sínú oòrùn àárọ̀. Yóò funfun báláú, kò ní dà bí a tilẹ̀ dorí ìgò kodò, títí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ gaara. "Ó ti dì" ni wọ́n máa ń sọ. N kò gbọ́ "ó ti dí" lẹ́nu wọn rí.

"Adìlọ́dọọdún" tí àbúrò wa obìnrin dá sún mọ́ òtítọ́, àmọ́ nǹkan mìíràn ni ó ni orúkọ náà: ìpele òkè ilẹ̀, èyí tí ó máa ń dẹ̀ nígbà ooru tí koríko ń hù lórí rẹ̀, tí ó sì tún máa ń dì bí òtútù bá dé. Ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í bá a dẹ̀ lọ́dọọdún. Nítorí náà ni mo ṣe dábàá "ilẹ̀ adìdàmọ́dún": àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, dì, di, àti àmọ́dún, pẹ̀lú ìpajẹ tí gbogbo wa mọ̀. "Ó dàmọ́dún" ni à ń sọ bí a bá ń túká lẹ́yìn ọdún. Ẹni tí ó sọ ọ́ ń retí ọdún mìíràn, kò búra pé yóò rí i. Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ti rí nìyẹn, nítorí pé òkè Àríwá ayé ń gbóná ju ìlọ́po méjì bí ayé lápapọ̀ ṣe ń gbóná, ooru sì ń wọlẹ̀ sí i.

Mo tún bẹ̀ yín, ẹ má kọ "ilẹ̀ ń yọ́" mọ́. Omi dídì inú rẹ̀ ni ó ń yọ́. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń dẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ilé Yakutsk sórí òpó, kí ooru ilé má baà dé ilẹ̀. Bí ó bá sì ti dẹ̀, gbòǹgbò àti òkú ẹranko tí òtútù pa mọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rà, wọn yóò sì tú gáàsì tí ń fi kún ooru ayé jáde. Kábọ́ọ̀nù tí ó wà nínú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tí ó wà nínú afẹ́fẹ́.

Ó ku "alaas", orúkọ tí àwọn ará Sakha ń pe ibi tí ilẹ̀ ti rì lẹ́yìn tí omi dídì ti yọ́, tí adágún àti koríko sì wà níbẹ̀ fún ẹṣin àti màlúù. Ẹ̀gbọ́n wa ní kí á pè é ní ọ̀gbun. Ọ̀gbun jìn jù. Ibi tí a ń sọ yìí tẹ́jú ni, ó sì fẹ̀. Àbàtà náà kò bá a mu, nítorí ẹran ń jẹ̀ níbẹ̀. Kí àwọn ará Òkè-Ògùn tí ó mọ pápá ìjẹko dáadáa bá wa dá sí i.