Platycephalus (ẹja olórí pẹlẹbẹ): kí lẹ fi ń mọ irú kan yàtọ̀ sí èkejì?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹja olórí pẹlẹbẹ mẹ́ta láti etíkun New South Wales ní Ọsirélíà rèé, àwọ̀ wọn jọra. Kí ni kí n wò?

Ìdáhùn 1: Ìrù ni. Àwọ̀ ara ń tẹ̀ lé iyanrìn tí ẹja ń sùn lé. Ẹ na ìrù náà sórí pákó. Àmì dúdú kan lápá òkè, tí ìsàlẹ̀ sì dà bí aró: P. fuscus (P. dúró fún Platycephalus). Àmì dúdú gígùn mélòó kan nísàlẹ̀: P. caeruleopunctatus.

Ìdáhùn 2: P. richardsoni ńkọ́? Àmì wínníwínní aláwọ̀ ọsàn kún ara rẹ̀ dé ìrù, eyín rẹ̀ sì tóbi. Ẹ tètè yà á ní fọ́tò, àwọ̀ máa ń ṣí tó bá kú.

Oníbéèrè: Ìrù ọ̀kan ti ya.

Ìdáhùn 1: Ẹ kọ Platycephalus sp. (ìyẹn ni pé a ò mọ irú rẹ̀ pàtó), kó parí síbẹ̀.